Abẹ́rẹ́ Tí Kò Lóògùn Nínú

"Mofẹ́! Mofẹ́olúwa! Àbí o ò gbọ́ ni? Sọ̀ kalẹ̀ kíá wá dúpẹ́! Wọ́n ní ọwọ́ mi ti yá! Wọ́n ní kí n padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Mọ́ńdè! Ẹni tó bá sì dẹ́nu lé e pé abẹ́rẹ́ Ṣáínà ló ṣe é, kí ẹnu onítọ̀hún wú bíi búrẹ́dì!"

Bí Mọ́mì ṣe pariwo nìyẹn láti ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, tòun ti kóòtù lọ́rùn, kò tíì ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Mo kọ ọ́ bó ṣe jáde lẹ́nu ẹ̀ gan-an, kí n má baà fi tèmi kún un tó bá dọ̀la. Mo sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó fi kan orí férémù ilẹ̀kùn, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún gbé e, bí ọmọ jòjòló tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òun lọ́wọ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú oríire, mà." Lẹ́yìn náà mo sá padà wá sókè, torí ẹkún ń bọ̀, mi ò sì fẹ́ kó rí i. Ẹkún náà ti wá, ó ti lọ. Ara mi fúyẹ́ bíi ti ẹni tó sọ àpò ìrẹsì kalẹ̀ lórí.

Ọmọ mi, ìwọ tí mi ò tíì bí, ìwọ ni mò ń kọ èyí sí.

Má rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí, mi ò lọ́kọ, mi ò sì wá a lọ. Àmọ́ nínú ìdílé wa, ìyá a máa kọ lẹ́tà gígùn kan ṣoṣo fún ọmọ ẹ̀, lọ́jọ́ tọ́mọ náà bá ń lọ sẹ́nu iṣẹ́ tàbí tó ń kúrò nílé. Màmá Ṣàgámù, ìyá Mọ́mì, kọ tiẹ̀ nígbà tí Mọ́mì ń bọ̀ ní Manchester. Ojú ewé mẹ́jọ, ìmọ̀ràn mẹ́tàlélógún. Mo ti jí i kà. Ó dára, àmọ́ gbogbo àṣìṣe tó wà nínú ẹ̀, àwọn ẹlòmíì ló ṣe é. Mo wá rò ó pé tí n bá dúró títí ìwọ fi dàgbà, èmi náà á ti gbàgbé bí mo ṣe ya òpè tó, màá wá máa bá ọ sọ̀rọ̀ bíi pé ọgbọ́n ni wọ́n fi wẹ̀ fún mi lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ tìrẹ báyìí, nínú ìwé tí mo máa ń kọ ìbínú mi sí. Ọjọ́ tí o bá kọ́kọ́ gba iṣẹ́ ni kó o kà á. Yorùbá mi ò dán mọ́rán o. Kíláàsì kejì sẹ́kọ́ńdìrì ni mo wà tí a fi gbéra kúrò nílé, níbí náà mi ò tíì yege òyìnbó kíkọ. Ìwọ sáà máa kà á lọ.

Iṣẹ́ Sátidé ni mò ń ṣe, lọ́dọ̀ obìnrin ará Ṣáínà kan tó ń fi abẹ́rẹ́ tọ́jú èèyàn ní Longsight, ní Manchester níbí. Yàrá méjì péré ni, lórí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta kọ́tìnnì. Lin lorúkọ ẹ̀. Èmi ni mo fi Àǹtí síwájú ẹ̀, torí ẹnu mi ò gbà á kí n máa pe ẹni tó ju Mọ́mì lọ lórúkọ ṣákálá. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, ó wò mí títí, ó ní, "Mi ò mọ̀ pé mo ní ẹbí ní Nàìjíríà." Látìgbà náà, gbogbo Sátidé ló ń bi mí pé àwọn ẹbí òun ńkọ́. Èmi ló ń ká táwẹ́ẹ̀lì, tó ń nu bẹ́ẹ̀dì, tó ń bá àwọn tó bá wá kọ fọ́ọ̀mù.

Ìmọ̀ràn kìíní. Jẹ́ kí ojú rẹ àti ọkàn rẹ jọ wà níbi iṣẹ́ kan náà. Abẹ́rẹ́ Àǹtí ò nípọn ju irun orí lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò ó, lẹ́yìn náà ó di inú ike yẹ́lò. Àǹtí ló ń gún un, òun ló ń yọ ọ́, èmi ni mò ń ka iye tó wọlé àti iye tó jáde. Lọ́sẹ̀ kejì tí mo débẹ̀, Mọ́mì ti gba fóònù lọ́wọ́ mi láàárọ̀, inú ń bí mi dé eyín. Àǹtí ní, "Ó pé?" Mo ní ó pé. Irọ́ ni, mi ò kà á. Bàbá òyìnbó kan wọ ìbọ̀sẹ̀ lé abẹ́rẹ́ kan tó kù lọ́rùn ẹsẹ̀ ẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ. Igbe tó ké lórí àtẹ̀gùn kẹta, àwọn tó ń ra kọ́tìnnì nísàlẹ̀ gbọ́ ọ. Àǹtí yọ ọ́, ó bẹ̀ ẹ́ títí. Lẹ́yìn tí bàbá náà lọ tán, Àǹtí gbé àwo abẹ́rẹ́ síwájú mi, ó ní, "Ojú ẹ wà níbí, ọwọ́ ẹ wà níbí. Ìwọ fúnra ẹ dà?" Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ọmọ mi, tí inú bá ń bí ọ, bínú nínú bọ́ọ̀sì, kó o bínú tán kó o tó dé ibiṣẹ́.

Ìkejì. Má mi orí sí ọ̀rọ̀ tí kò yé ọ. Oṣù kan gbáko ni mo fi ń gbọ́ tí Àǹtí ń sọ pé qi báyìí, qi báyẹn. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, àmọ́ bí ẹni pe ṣí ni wọ́n ń pè é. Mò ń mi orí bí alángbá. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan tó jókòó de Àǹtí wá bi mí pé kí ni qi. Dípò kí n ní mi ò mọ̀, mo ní òróró kan ni wọ́n fi ń ra ẹnu abẹ́rẹ́. Obìnrin náà dìde fùú. Ó ní ṣé ẹ̀pà wà nínú ẹ̀, pé ẹ̀pà lè pa òun. Àǹtí ló sáré jáde wá yanjú ọ̀rọ̀ yẹn. Ó wá mú mi dúró níwájú àwòrán ńlá kan tó wà lára ògiri, ọkùnrin kan tó wà níhòòhò, tí ìlà kún ara ẹ̀ bíi máàpù.

"Kí lo rò pé àwọn ìlà yìí jẹ́?"

"Iṣan ẹ̀jẹ̀, mà."

"Rárá. Tún sọ."

"Iṣan tí a fi ń mọ ìrora."

"Rárá. Àwọn èèyàn wa àtijọ́ ní qi ń rìn nínú ara, pé ọ̀nà ẹ̀ nìyí. Ọ̀nà ńlá méjìlá. Àwọn àmì tóótòòtó tó o rí lójú ọ̀nà yẹn, ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ń wọ̀. Wọ́n lé ní ọ̀ọ́dúnrún, gbogbo wọn ló lórúkọ."

"Qi gan-an wá ńkọ́? Ṣé èémí ni?"

"Èémí wà nínú ẹ̀. Kì í ṣe òun nìkan."

"Agbára?"

"O ti ń sún mọ́ ọn." Ó ronú díẹ̀. "Ohun tó wà lára ẹni tó ń sùn, tí kò sí lára òkú."

Mo jẹ́ kó dúró síbẹ̀ láìwá orúkọ míì fún un. Àǹtí ní tí o bá la èèyàn, o ò ní bá qi níbẹ̀, o ò ní bá ọ̀nà ẹ̀ níbẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ dókítà ni kò gbà pé ó wà, òun kì í sì bá wọn jà. Ó ní bí àwọn àgbà òun ṣe to ara lẹ́sẹẹsẹ kí wọ́n lè rí i tọ́jú ni. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ẹ̀ ni pé tí ọ̀nà bá dí, wọ́n ní ibẹ̀ ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀. Tí mọ́tò bá dúró gbagidi ní Ardwick lójú títì wa níbí, ẹni tó ń retí bọ́ọ̀sì ní Levenshulme lòtútù máa pa, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan tó ṣe Levenshulme. Torí ẹ̀ ni wọ́n lè fi ní kí ẹni tí èjìká ń dùn na ẹsẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Tí ọ̀gá rẹ bá kanra mọ́ ọ níbiṣẹ́, má tètè gbà pé ìwọ lo ṣẹ̀ ẹ́. Ó lè jẹ́ pé ilé ẹ̀ lọ́nà ti dí.

Ẹ̀ẹ̀kan tún wà tí èmi àti Mọ́mì ò sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mi ò ní sọ ohun tó fà á, ó ti sú mi. Inú wá ń run mí. Àǹtí ní kí n yọ ahọ́n. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀ máa ń wo ahọ́n, àwọ̀ ẹ̀, etí ẹ̀, ohun tó bò ó lójú. Wọ́n á tún fi ìka mẹ́ta lé ọrùn ọwọ́, wọ́n á máa gbọ́ bí ó ṣe ń lù, bí ẹni tó fetí sí ilẹ̀kùn aládùúgbò. Ó ní, "Ta lo ń bá bínú?" Ẹ̀rù bà mí. Mi ò mọ̀ títí dòní bóyá ahọ́n ló sọ fún un, àbí ojú mi tó fún pọ̀ bí àpò tí wọ́n so lẹ́nu. Ó ní ní tàwọn, ẹ̀dọ̀ ni ìbínú ń lọ bá, tó bá ti dúró síbẹ̀ kò ní jẹ́ kí qi rìn. Mo délé, mo ní, "Mọ́mì, ohun tẹ́ ẹ ṣe dùn mí." Ó ní, "Ìwọ náà, ohun tó o ṣe dùn mí." A jẹ ẹ̀bà. Ó tán. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ru ohun tí gbólóhùn kan sọ̀ kalẹ̀.

Ìkẹrin nìyí, àbí ìkẹta. Ìsinmi kì í ṣe ọ̀lẹ. Wọ́n ní gbogbo nǹkan ló ní yin àti yang. Mo rò pé àdúrà wọn ni, mo dẹ̀ ń ṣọ́ra fún un. Àǹtí ní òkè kan náà ni, yin ni ẹ̀gbẹ́ tí òjìji bò, yang ni ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ń pa. Tó bá dọ̀sán, wọ́n á pààrọ̀. Òru àti ọ̀sán, òtútù àti ooru, ìsinmi àti iṣẹ́. Kò sí èyí tó burú. Kí ọ̀kan jẹ èkejì ní àjẹtán ló burú. Wọ́n tún ní àìsàn lè jẹ́ ti àṣejù, ó lè jẹ́ ti àìtó, pé ẹni tó bá fi oògùn àṣejù tọ́jú àìtó ń pa èèyàn lọ ni. Rántí èyí, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Mọ́mì ti wọlé.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni Mọ́mì ń ṣe. Wọ́n ń gbé wọn dìde, wọ́n ń yí wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń wẹ̀ wọ́n. Nígbà tí ó yá, èjìká ọ̀tún ẹ̀ gan pátápátá. Èmi ni mò ń bá a de kọ́mú lẹ́yìn. Dókítà ní èjìká tó dì ni, pé ó máa ń pẹ́. Ó fún un ní oògùn ìrora, ó ní kó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń na ara. Ibi iṣẹ́ wá ní àwọn á dán ọwọ́ náà wò. Tó bá lè gbé e kọjá orí, tó sì lè ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn, kó padà. Tí kò bá lè ṣe é, kò sí iṣẹ́ fún un lọ́dọ̀ àwọn mọ́. Iṣẹ́ yẹn ni físà wa dúró lé. Kò sí iṣẹ́, kò sí físà, kò sí Manchester. Kí wọ́n tó dán an wò, wọ́n fi í síbi tó kàn ti máa jókòó ti ìyá arúgbó kan mọ́jú.

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí Àǹtí wo èjìká yín. Ó ti gbà láti wò yín."

"Abẹ́rẹ́ kí ni wọ́n ń gún lọ́hùn-ún?"

"Abẹ́rẹ́ lásán ni, mà. Kò sí oògùn nínú ẹ̀."

"Kò sí oògùn nínú ẹ̀?" Ó gbé ṣíbí ọbẹ̀ sílẹ̀. "Abẹ́rẹ́ tí kò lóògùn nínú, kí ló wá ń gún mi fún? Ṣé mo ṣẹ̀ ẹ́ ni?"

"Ó ń ṣí ọ̀nà ni, mà, kí qi lè..."

"Ta ni Ṣí? Mofẹ́, má pe orúkọ ẹni tí mi ò mọ̀ sínú ilé tí mo ti ń gbàdúrà."

Ìrora ló padà bẹ̀ ẹ́ fún mi. Ó gbà láti lọ ní Sátidé kan, láti ibi iṣẹ́ òru. Ohun tí mo mọ̀, tí Àǹtí ò mọ̀, ni pé ìjọ wa wà nínú ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún, àárọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Torí èjìká yẹn gan-an ni Mọ́mì ṣe ń gba tiẹ̀, kò sì ń fi omi kan ẹnu. Ọjọ́ yẹn ni ọjọ́ kọkàndínlógún. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa, ẹni tó ń gbààwẹ̀ kì í lu agogo ẹ̀. Á fọ ojú, á para, á rẹ́rìn-ín. Tí wọ́n bá fi oúnjẹ lọ̀ ọ́, á ní, "Ẹ ṣeun, mo ti yó."

Fọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ mi. Ìgbà wo lo jẹun gbẹ̀yìn? Mo mọ òfin náà. Àǹtí ti sọ ọ́ fún mi tó ìgbà mẹ́wàá, pé a kì í gún ẹni tí inú ẹ̀ ṣófo, pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè dákú sórí abẹ́rẹ́. Àmọ́ mo rò pé tí n bá sọ òtítọ́, á ní ká máa lọ, Mọ́mì ò dẹ̀ ní padà wá láéláé. Mo kọ ọ́ pé ìrẹsì, aago mẹ́sàn-án.

Àǹtí fi ìka mẹ́ta lé ọrùn ọwọ́ Mọ́mì. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní ó ń lù tín-ín-rín. Ó yíjú sí mi. "Ó jẹun?"

"Ó jẹun, mà."

Mọ́mì gbọ́. Ojú tó fi wò mí dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ni.

Ó fi Mọ́mì jókòó sórí àga. Ó gún un lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́, níbi tí àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ti pàdé, lẹ́yìn náà ó gún ẹ̀ẹ̀kan ní ojúgun.

"Èjìká ló ń dùn mí," Mọ́mì ní, "ẹsẹ̀ lẹ̀ ń gún. Mofẹ́, ṣé o sọ ọ́ fún un dáadáa?"

"Ó gbọ́, mà."

"Ṣó ti dé?" Àǹtí ń bi í. Ìyẹn ni wọ́n ń béèrè. Wọ́n ní tí abẹ́rẹ́ bá bá qi pàdé, ibẹ̀ á wúwo, á kan èèyàn, á ṣe bí ẹni pé ó ń wú, bẹ́ẹ̀ kì í ta bíi ẹ̀gún. Tí èèyàn bá sọ bó ṣe ń ṣe é, wọ́n á mọ ibi tí wọ́n dé. Mọ́mì tèmi wá fẹ̀rín dáhùn pé, "A dúpẹ́. Kò sí wàhálà."

Àǹtí ní kó rọra gbé apá. Ó gbé e. Ó dé etí. Ẹnu ya Mọ́mì fúnra ẹ̀. Èmi ti ń rẹ́rìn-ín. Ni òógùn bá bo iwájú orí ẹ̀, ètè ẹ̀ funfun, ó ní, "Mofẹ́, ta ló paná?"

Kò sẹ́ni tó paná. Aago mọ́kànlá àárọ̀ ni.

Ó yẹ̀ láti orí àga. Àǹtí gbá a mú, ó fa abẹ́rẹ́ yọ bí ẹni ń já ewé, a gbé e sílẹ̀ gbalaja, ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ lé ìrọ̀rí. Èmi ń pariwo, "Kò jẹun! Ààwẹ̀ ló ń gbà! Láti ìrọ̀lẹ́ àná ni kò ti fomi kan ẹnu! Irọ́ ni mo pa, mà, irọ́ ni!" Àǹtí ò wò mí. Ó ní kí n po tíì gbóná wá, kí n da ṣúgà sí i. Bí mo ṣe ń da ṣúgà, mò ń rí ara mi tí mò ń kọ sí Màmá Ṣàgámù. Mi ò ní kọ ìyókù.

Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ojú Mọ́mì fi là. Nígbà tó lè jókòó, Àǹtí gbé tíì sí i lẹ́nu. Ó gbé ẹ̀ẹ̀kan mì, ó gbé ẹ̀ẹ̀kejì mì, ó dúró.

"Kí lẹ fún mi mu yìí?"

"Tíì ni, mà."

"Mofẹ́olúwa! Ọjọ́ kọkàndínlógún!"

Ọmọ mi, ariwo yẹn dùn mọ́ mi ju orin lọ. Ẹni tó bá lè bínú báyẹn ò ní kú.

"Mélòó?" Àǹtí bi mí. Mo wo àwo. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́ta wọlé, mẹ́ta jáde.

Nínú bọ́ọ̀sì, Mọ́mì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu ẹ̀ bíi pé tíì ṣì wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ta ló ní kó o sọ ààwẹ̀ mi fún àjèjì?"

"Mọ́mì, ẹ fẹ́ẹ̀ kú."

"Mi ò kú. Ààwẹ̀ mi ló kú."

Dókítà wò ó lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó ní ebi, òǹgbẹ àti àìsùn ló kó ara wọn jọ, pé kò gbọ́dọ̀ gbààwẹ̀ mọ́ níwọ̀n ìgbà tó bá ń ṣiṣẹ́ òru. Ó mú kó ṣèlérí. Mọ́mì kì í yẹ àdéhùn.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo lọ síbiṣẹ́ bí ẹni ń lọ sẹ́wọ̀n. Mo ti ká aṣọ iṣẹ́ mi sínú ọ̀rá kí n lè dá a padà. Àǹtí ní, "Kí nìyẹn?" Mo ṣàlàyé. Ó ní, "Lọ wọ̀ ọ́." Nígbà tó yá ló wá sọ̀rọ̀. "Ká ní o sọ fún mi, ǹ bá fi ọwọ́ tẹ èjìká ẹ̀ lásán. Tàbí kí n ní kó padà wá ní aago méje alẹ́, tó bá ti jẹun. Mo ní ọ̀nà bíi márùn-ún. Ìwọ lo dí gbogbo wọn."

Gbogbo lẹ́tà yìí, torí gbólóhùn yẹn ni. Ọmọ mi, ẹni tó bá mọṣẹ́ lè rí ọ̀nà gba ibi tí ìwọ rò pé ó ti dí, tí o bá sọ òtítọ́ fún un. Dókítà, ọ̀gá rẹ, lọ́yà, ẹni tó ń ṣe irun rẹ. Má fi irọ́ di ẹni tó fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́ lójú. Tí wọ́n bá bi ọ́ pé ó ń dùn ọ́, tó sì ń dùn ọ́, má ní "a dúpẹ́." A dúpẹ́ dára fún ìkíni lójú ọ̀nà. Àwa Yorùbá lè wà lábẹ́ mọ́tò ká ní a dúpẹ́. Tí ẹnì kan bá mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, sọ ibi tó ń dùn ọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Mọ́mì fi ń pe Àǹtí ní ayọ́kẹ́lẹ́-pànìyàn. Lọ́sẹ̀ kẹta, tí mò ń ká táwẹ́ẹ̀lì, mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Òun ni, ó gbé kúlà dání.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ó sọ fún Àǹtí ní òyìnbó. "Mo ti jẹun. Ìrẹsì, ẹja, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan. Èyí tó kù ló wà nínú kúlà yìí, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí."

Àǹtí ṣí kúlà. Ó wò ó. "Ṣé mo lè jẹ ẹ̀rí náà?"

"Ó ní ata o."

"Ẹbí mi wà ní Nàìjíríà," Àǹtí ní, ó sì wá ṣíbí.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Mọ́mì lọ lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí Àǹtí ń sun ewé gbígbẹ kan nítòsí èjìká ẹ̀ kó lè móoru, Mọ́mì ní, "Èéfín kí nìyẹn?" ó sì ń gbàdúrà sínú títí ó fi parí. Àmọ́ tí wọ́n bá bi í pé ṣó ti dé, ó ń dáhùn. "Ó ti dé. Ó wúwo. Ẹ dúró níbẹ̀ yẹn." Lójoojúmọ́ ló tún ń fi ìka gun ògiri ilé ìdáná bí aláǹtakùn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ọsibítù.

Òní ni wọ́n dán ọwọ́ náà wò, ó sì gòkè. Mi ò mọ èyí tó ṣe é. Àǹtí gan-an ò sọ pé òun ni. Ó ní èjìká míì wà tó jẹ́ pé ìgbà ló máa tú u. Mọ́mì ní ààwẹ̀ ni. Ó lè jẹ́ gbogbo wọn ló jọ ti ilẹ̀kùn kan náà ṣí. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lálẹ́ òní. Iṣẹ́ wà, físà wà, a ṣì wà ní Longsight.

Nígbà tí mo lọ bu omi lẹ́ẹ̀kan, mo gbọ́ Mọ́mì ní yàrá ẹ̀. Ó ń kọrin ọpẹ́. Lẹ́yìn náà ohùn ẹ̀ rẹlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ọjọ́ mẹ́ta tó kù yẹn. Mo ti ṣèlérí fún dókítà. Mo ti ṣèlérí fún Yín náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó dà bíi pé mo gba ọwọ́ mi tán, mo wá yí ẹ̀yìn." Ó ń sunkún. Ẹni tí wọ́n ṣe lóore ńlá lónìí, ohun tó kù yẹn ni kò jẹ́ kó sinmi. Èmi ni mo kọ ìrẹsì sínú fọ́ọ̀mù.

Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, omi ń tutù mí lọ́wọ́, mo sì pinnu. Ọ̀la ni Wẹ́síde. Láti ọ̀la títí di Fráídè, àárọ̀ di aago mẹ́fà, èmi ni màá gba mẹ́ta yẹn. Èmi tí ebi ìdajì ọjọ́ ń sọ di ẹranko. Màá máa mu omi, mi ò ní ya wèrè. Màá sọ fún Ọlọ́run pé kó kà á mọ́ ti Mọ́mì, kó jẹ́ kí obìnrin náà sùn.

Mi ò ní sọ fún Mọ́mì, mi ò ní sọ fún Àǹtí. Ìwọ ò tíì sí láyé, nítorí náà mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan. Tí Mọ́mì bá sì bi mí lọ́la pé ṣé mo ti jẹun, mi ò ní parọ́. Màá ní, "Mi ò tíì jẹun, mà." Kó pariwo bó ṣe fẹ́. Ìdí ẹ̀ nìkan ni kò ní gbọ́.